Géèmù Windows lórí Linux: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ní lápútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀

Lápútọ́ọ̀pù tí mo fi ń kọ ìtọ́sọ́nà yìí, ThinkPad T470 tòkunbọ̀ ni. CPU (ọpọlọ ẹ̀rọ) Intel ìran kẹfà ló wà nínú rẹ̀, RAM rẹ̀ sì jẹ́ GB 8. Windows 11 kò gbà á, nítorí láti ìran kẹjọ sókè ni Microsoft ti ń gba Intel. Windows 10 tó bá a wá láti òkè òkun náà, October 14, 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró. Bí mo ṣe gbé Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sórí rẹ̀ nìyẹn. Orí Linux yẹn ni mo ti ń gbá Stardew Valley, Hollow Knight àti Portal 2, ọkàn mi sì balẹ̀.

Ẹni tó bá sọ fún yín pé Linux kò wúlò fún géèmù, ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ló ń sọ. Ẹni tó bá sì sọ pé kò sí géèmù tí kì í ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, irọ́ ló ń pa. Ìbéèrè méjì ló ń pinnu ọ̀rọ̀ yìí. Ṣé géèmù tí ẹ fẹ́ràn gba Linux láàyè? Ṣé káàdì gíráfíìkì yín gbọ́ Vulkan, èdè tí géèmù fi ń sọ fún un pé kó ya àwòrán? Ẹ wá ìdáhùn sí méjèèjì kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yín.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Géèmù tí wọ́n ṣe fún Windows, Windows nìkan ló mọ̀ ọ́n bá sọ̀rọ̀. Tó bá fẹ́ ṣí fáìlì, Windows ló máa pè. Tó bá fẹ́ ya àwòrán, Direct3D ti Windows ló máa pè. Linux kò ní èyíkéyìí nínú wọn. Ògbufọ̀ ni Wine, tí iṣẹ́ lórí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1993: gbogbo ohun tí géèmù bá béèrè lọ́wọ́ Windows, Wine á fi ohun tí Linux ní dá a lóhùn. Ti àwòrán yàtọ̀, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti pọ̀ jù. DXVK ló ń túmọ̀ Direct3D 8 títí dé 11 sí Vulkan, VKD3D-Proton sì ń túmọ̀ Direct3D 12.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, Valve, ilé iṣẹ́ tó ni Steam (ọjà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì), kó gbogbo ògbufọ̀ wọ̀nyí pọ̀ sínú Steam, ó pè é ní Proton. Nígbà tó di 2022, wọ́n gbé Steam Deck jáde, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́gbé tó jẹ́ pé Linux ló wà nínú rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì fún àwa tí a kò ní Steam Deck. Gbangba ni kóòdù Proton wà, nítorí náà àtúnṣe tí wọ́n bá ṣe kí géèmù kan lè dùn lórí Deck, ó máa dé orí ThinkPad tòkunbọ̀ náà láìsan kọ́bọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yẹ géèmù yín wò

Ẹ kọ orúkọ géèmù márùn-ún tí ẹ ń gbá jù sílẹ̀. Ẹ lọ sí protondb.com, ẹ wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń gbá géèmù náà lórí Linux ló ń kọ ìròyìn síbẹ̀, wọ́n sì pín géèmù sí ìpele: Platinum ń ṣiṣẹ́ láìfọwọ́ kan ohunkóhun, Gold ń fẹ́ àtúnṣe díẹ̀, Silver àti Bronze ní ìṣòro, Borked kò ṣiṣẹ́ rárá. Ẹ má wo àmì nìkan. Ẹ ka ohun tí àwọn ènìyàn kọ sábẹ́ rẹ̀, pàápàá ẹni tí káàdì gíráfíìkì rẹ̀ bá tiyín mu. Ẹni tó ní káàdì olówó ńlá lè fún géèmù kan ní Platinum, kí ó sì máa wọ́ nílẹ̀ lórí Intel tiyín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní ẹ̀ṣọ́ òjóró, ìyẹn ètò tó ń mú ẹni tó bá ń ṣe màgòmágó. Òmíràn nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí fẹ́ wọ inú ọkàn Windows lọ, wọ́n fẹ́ máa rí gbogbo ohun tó ń lọ lórí kọ̀ǹpútà. Wine kò ní ọkàn Windows láti ṣí fún wọn. Ìdí nìyẹn tí Valorant àti Fortnite kò fi ṣiṣẹ́ lórí Linux. League of Legends tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ dáwọ́ dúró ní 2024. Apex Legends náà ti ilẹ̀kùn mọ́ Linux ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà. GTA V ń ṣiṣẹ́ tó bá jẹ́ ìtàn inú rẹ̀ lẹ ń gbá, ṣùgbọ́n GTA Online ti di èèwọ̀ láti oṣù kẹsàn-án 2024. Fún àwa tí bọ́ọ̀lù jẹ lógún, èyí tó dunni jù ni EA Sports FC: FC 24 àti FC 25 kò gba Linux láàyè.

Kò sí ọgbọ́n tí ẹ lè ta sí i. Ẹ má gbọ́ ti ẹni tó bá ní òun mọ ọ̀nà ẹ̀yìn, àkáǹtì yín ló máa bá a lọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà, bíi Easy Anti-Cheat àti BattlEye, tó lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Proton láti 2021, ṣùgbọ́n àfi tí ẹni tó ṣe géèmù náà bá fọwọ́ sí i. Ẹ wo areweanticheatyet.com, ẹ ó rí ibi tí géèmù yín wà. Counter-Strike 2 àti Dota 2 kò ní wàhálà kankan ní tiwọn. Valve ṣe wọ́n fún Linux gan-an.

Tó bá jẹ́ FC lẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ ń kóra jọ gbá ní gbogbo Sátidé, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi Windows sílẹ̀, kí ẹ gbé Linux sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò ní tan yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yẹ káàdì gíráfíìkì wò

DXVK ti òde òní ń béèrè Vulkan 1.3. Lápútọ́ọ̀pù tí kò bá ní i, géèmù lè má ṣí rárá, tàbí kó ṣí kó sì dúdú. Ẹ lè mọ ti Intel láti ara orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó lọ́jà. Tí nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn i5 tàbí i7 bá jẹ́ mẹ́rin, àkọ́kọ́ nínú wọn ni ìran rẹ̀: i5-4300U jẹ́ ìran kẹrin, i5-6300U jẹ́ ìran kẹfà, i5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ. Láti ìran kẹfà sókè, Vulkan 1.3 ti pé lórí Linux; ti ìkarùn-ún, ẹ fi vulkaninfo tó wà nísàlẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Lédè ọjà, ThinkPad T440 kò dé ibẹ̀, T460 dé ibẹ̀. HP EliteBook 840 G1 kò dé ibẹ̀, G3 dé ibẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ìran kẹfà àti ọ̀pọ̀ jùlọ nínú ìkeje, Windows 11 kọ̀ wọ́n, Vulkan gbà wọ́n. Wọ́n ti ń dínwó nítorí Windows, bẹ́ẹ̀ Linux ṣì ń lò wọ́n dáadáa. Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí èwo ni kí òun rà, àárín wọn ni mo máa ń ní kó wò.

Ti Nvidia, láti ìdílé GTX 900 sókè ni kí ẹ mú. Ti AMD, RX 400 sókè kò ní jáni kulẹ̀, dráífà rẹ̀ (ètò tó ń jẹ́ kí Linux lè lo káàdì náà) sì ti wà nínú Linux fúnra rẹ̀.

RAM GB 4 kò tó. GB 8 ni ìbẹ̀rẹ̀. Gíráfíìkì Intel kò ní RAM tirẹ̀, ti kọ̀ǹpútà ló ń bá a pín, nítorí náà GB 4 méjì nínú ihò méjèèjì máa ń yára ju ẹyọ GB 8 kan ṣoṣo lọ. Ìyàtọ̀ tí mo rí nígbà tí mo fi ẹyọ kejì sí T470 mi ju gbogbo àtúnṣe mìíràn tí mo ti ṣe lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ tọ́ Linux wò láìfi sórí ẹ̀rọ

Oríṣiríṣi Linux ló wà. Linux Mint ni mo ń júwe fún ẹni tó ń bọ̀ láti Windows, nítorí ojú tó ti mọ Windows kò ní ṣìnà nínú rẹ̀. Mint ní ojú oríṣiríṣi: ẹ mú Cinnamon tí RAM yín bá tó GB 8. Xfce ló fúyẹ́ jù. Fáìlì náà tó bíi GB 3, ẹ dáńlóòdù rẹ̀ láti linuxmint.com. Ẹ wá fíláàṣì tó tó GB 8, kí ẹ fi balenaEtcher tàbí Rufus kọ fáìlì náà sórí rẹ̀. Gbogbo ohun tó wà lórí fíláàṣì yẹn á pa rẹ́, nítorí náà ẹ kó àwòrán ìgbéyàwó yín kúrò níbẹ̀ ná.

Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ tàn án, kí ẹ máa tẹ F12 lórí Lenovo tàbí Dell, F9 lórí HP. Ẹ yàn fíláàṣì náà. Mint máa ṣí láìfọwọ́ kan háàdì dísíìkì yín. Ẹ sopọ̀ mọ́ Wi-Fi, ẹ dán ohùn wò, ẹ dán Bluetooth wò. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí terminal, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ẹ kọ:

sudo apt update
sudo apt install vulkan-tools
vulkaninfo --summary

Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ apiVersion sí, lábẹ́ orúkọ káàdì yín. Tó bá jẹ́ 1.3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀nà ti là. Tí ẹ bá rí llvmpipe nìkan, a jẹ́ pé Linux kò tíì rí káàdì yín, CPU ló ń fi agbára ya àwòrán dípò rẹ̀, géèmù kò sì lè rìn báyẹn. Tó bá jẹ́ Nvidia lẹ ní, ẹ má bẹ̀rù, dráífà rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi sórí ẹ̀rọ

Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo ohun tó níye lórí sí ibòmíràn. Tí ẹ bá fẹ́ fi Windows sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ wọ inú Windows, ẹ pa Fast Startup, kí ẹ sì kọ kọ́kọ́rọ́ BitLocker yín (ètò Windows tó ń ti dísíìkì pa) sílẹ̀ tí ẹ bá ń lò ó. Ẹ pín àyè sílẹ̀ láti inú Disk Management ti Windows, ó kéré tán GB 100 fún ẹni tó fẹ́ gbá géèmù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ Install Linux Mint lórí fíláàṣì, kí ẹ máa tẹ̀lé e. Ẹ má gbàgbé láti yàn multimedia codecs nígbà tó bá béèrè, nítorí ẹ máa nílò rẹ̀ fún fídíò àti orin.

Tó bá ti parí, ẹ ṣí Update Manager kí ẹ gba gbogbo àpúdéètì. Ẹni tó ní Nvidia, kó ṣí Driver Manager, kó yàn èyí tí wọ́n kọ recommended sí, kó sì tún kọ̀ǹpútà tàn. Ẹ má lọ dáńlóòdù dráífà Nvidia láti ojúlé wọn bí a ti ń ṣe lórí Windows. Èyí tó wà nínú Mint ni àpúdéètì mọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Steam àti Proton

sudo apt install steam-installer

Ẹ ṣí Steam láti inú menu, yóò dáńlóòdù ìyókù ara rẹ̀. Ẹ wọlé pẹ̀lú àkáǹtì tí ẹ ti ń lò lórí Windows. Gbogbo géèmù tí ẹ ti rà ń dúró dè yín níbẹ̀, ẹ kò ní tún un rà. Ẹ lọ sí Settings, lẹ́yìn náà Compatibility; tí ẹ bá rí bọ́tìnì Steam Play (orúkọ tí Steam ń pe lílo Proton) níbẹ̀, ẹ rí i dájú pé ó wà ní títàn fún gbogbo géèmù. Láti ìgbà yẹn, bọ́tìnì Install á yọ lórí géèmù Windows, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, ẹ ó tẹ Play. Ìgbà àkọ́kọ́ máa pẹ́ díẹ̀, nítorí Steam ń ṣètò ohun tí wọ́n ń pè ní Vulkan shaders, ìyẹn àwọn ètò kéékèèké tí káàdì gíráfíìkì fi ń ya àwòrán. Ẹ ní sùúrù.

Àṣìṣe kan wà tí mo rí lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n ní géèmù lórí àyè Windows tẹ́lẹ̀, wọ́n wá fẹ́ kí Steam ti Linux máa ṣí i láti ibẹ̀. Àyè Windows jẹ́ NTFS, ìyẹn ọ̀nà tí Windows ń gbà to fáìlì sórí dísíìkì. Proton sì máa ń ṣẹ̀dá fáìlì tí orúkọ rẹ̀ ní àmì ":" nínú, bíi "c:", èyí tí Windows kà sí èèwọ̀. Géèmù á kọ̀ láti ṣí, kò sì ní sọ ìdí. Ẹ jẹ́ kí géèmù wà lórí àyè Linux gan-an.

Dátà wọ́n, nítorí náà ẹ wọ Settings, lẹ́yìn náà Downloads. Ẹ fi àkókò sí ìgbà tí àpúdéètì lè wọlé, kó bọ́ sí ààrin òru tí ẹ bá ń lo dátà òru. Tí dátà bá há yín gan-an, ẹ pa Shader Pre-Caching. Géèmù lè máa kọsẹ̀ díẹ̀ ní ibi tí ẹ kò tíì dé rí, ṣùgbọ́n dátà yín á dínkù. Èyí tó dára jù ni Game File Transfer: tí ẹlòmíràn nínú ilé bá ní géèmù kan náà lórí Steam tirẹ̀, tí ẹ sì wà lórí Wi-Fi kan náà, Steam á kó o láti ara kọ̀ǹpútà rẹ̀ dípò íntánẹ́ẹ̀tì. Géèmù GB 40 á dé láìjẹ dátà gidi kan.

Tí géèmù bá kọ̀ láti ṣí

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń sọ̀rètí nù tí wọ́n á padà sí Windows. Ẹ má kánjú. Ẹ tẹ̀lé e bí mo ṣe tò ó, kí ẹ sì máa yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Àkọ́kọ́ ni ẹ̀yà Proton. Ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún lórí géèmù, ẹ yàn Properties, lẹ́yìn náà Compatibility, ẹ fi àmì sí àpótí Force the use, kí ẹ mú Proton Experimental. Tí kò bá lọ, ẹ gbìyànjú ẹ̀yà tó ti pẹ́ díẹ̀. Tó bá jẹ́ pé géèmù ṣí ṣùgbọ́n fídíò inú rẹ̀ kò fara hàn, tàbí àwọ̀ rírú ló ń yọ, GE-Proton, ẹ̀yà Proton tí kì í ṣe Valve ló ṣe é, ló sábà máa ń tán an. Ẹ fi ètò kan tó ń jẹ́ ProtonUp-Qt sórí ẹ̀rọ láti inú Software Manager, òun ló máa gbé GE-Proton wá. Ẹ pa Steam kí ẹ tún un ṣí, ẹ ó rí i láàárín àwọn Proton yòókù.

Ẹni tí Intel rẹ̀ jẹ́ ìran kẹrin, tàbí tí vulkaninfo kò fi 1.3 hàn án, tiyín yàtọ̀. Ẹ yàn Proton 7.0, tí DXVK rẹ̀ kò béèrè Vulkan 1.3. Tí ìyẹn náà bá kọ̀, ẹ lọ sí Launch Options nínú Properties, kí ẹ kọ:

PROTON_USE_WINED3D=1 %command%

Èyí máa fi OpenGL, èdè àtijọ́ fún àwòrán, rọ́pò Vulkan. Kò yára, ṣùgbọ́n géèmù àtijọ́ máa ń gbà á.

Lápútọ́ọ̀pù tó ní káàdì méjì, Intel àti Nvidia, lè máa gbá géèmù lórí Intel láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Tí géèmù bá ń wọ́, ẹ kọ èyí sí Launch Options:

__NV_PRIME_RENDER_OFFLOAD=1 __GLX_VENDOR_LIBRARY_NAME=nvidia %command%

Lẹ́yìn ìyẹn ni fódà géèmù. Géèmù kọ̀ọ̀kan ní Windows kékeré tirẹ̀ nínú steamapps/compatdata, nọ́ńbà géèmù náà sì ni orúkọ fódà rẹ̀. Tó bá ti bàjẹ́, ẹ pa á rẹ́, Steam á tún un ṣe nígbà tí ẹ bá tẹ Play. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná! Ibi tí ẹ bá géèmù dé lè wà nínú fódà yẹn. Ẹ da á kọ sí ibòmíràn kí ẹ tó pa á rẹ́. Mo ti pàdánù oko Stardew Valley ọdún mẹ́ta nípa àìṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yà Windows rẹ̀, inú mi ò dùn sí i títí di òní.

Tí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, ẹ kọ PROTON_LOG=1 %command% sí Launch Options, ẹ tẹ Play lẹ́ẹ̀kan sí i. Fáìlì kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "steam-" á yọ nínú fódà ilé yín. Ẹ wo ìlà ìparí rẹ̀, ẹ wá ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀ sí.

Kó lè yára sí i

Ẹ fi gamemode, tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ gbájú mọ́ géèmù, àti mangohud sórí ẹ̀rọ:

sudo apt install gamemode mangohud

Ẹ wá kọ MANGOHUD_CONFIG=cpu_temp gamemoderun mangohud %command% sí Launch Options. MangoHud á máa fi iye àwòrán tó ń yọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan hàn yín, pẹ̀lú bí ẹ̀rọ ṣe gbóná tó. Tí ooru bá ti kọjá 90°C, kì í ṣe Linux ló ń dá yín dúró, eruku ni. Ẹ gbé lápútọ́ọ̀pù náà fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tú, kó nu fáànù rẹ̀, kó sì pààrọ̀ páàsìtì orí ẹ̀rọ rẹ̀. Lápútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́jọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹnikẹ́ni kò pààrọ̀ rẹ̀ rí. Ẹ tún máa gbá géèmù nígbà tó bá wà lórí iná. Orí bátìrì, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló máa ń dín agbára wọn kù fúnra wọn.

Lẹ́yìn Steam

Géèmù tí ẹ rà ní Epic tàbí GOG, Heroic Games Launcher ló ń ṣí i. Ó wà nínú Software Manager, ó sì lè lo Proton. Lutris wà fún èyí tó wà lórí dísíìkì tàbí tó wá láti ibòmíràn.

Àwọn géèmù ọ̀fẹ́ tó ní kóòdù gbangba pẹ̀lú wà, tí wọn kò nílò Proton rárá: SuperTuxKart fún eré ìje ọkọ̀, The Battle for Wesnoth fún ogun àfọgbọ́njà. 0 A.D. ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn, géèmù ìtàn ayé àtijọ́ tí ẹ ti lè darí àwọn ará Kush láti etí odò Náílì, kí ẹ kọ́ ìlú, kí ẹ sì kó ogun jọ.

sudo apt install supertuxkart wesnoth 0ad

Ẹni tó ti ń fi PPSSPP gbá géèmù PSP tirẹ̀ lórí fóònù, PPSSPP wà lórí Linux náà. Ẹ da fódà PSP/SAVEDATA kọ láti orí fóònù sí ~/.config/ppsspp/PSP/SAVEDATA, ẹ ó sì máa bá líìgì yín lọ láti ibi tí ẹ dé. Tó bá jẹ́ èyí tó wá láti Flathub lẹ ń lò, inú ~/.var/app/org.ppsspp.PPSSPP/config/ppsspp ni fódà PSP rẹ̀ wà.

Ti páàdì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Páàdì Xbox àti ti PlayStation 4 àti 5, Linux ti mọ̀ wọ́n. Ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́, ó parí. Páàdì USB olówó pọ́ọ́kú náà sábà máa ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bọ́tìnì rẹ̀ lè dàrú. Nínú Steam, ẹ lọ sí Settings, lẹ́yìn náà Controller, kí ẹ tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Géèmù tí ẹ bá ṣí láti inú Steam á máa lo ètò yẹn.